Kí Wọ́n Tó Tún Wọn Agbára Ọwọ́ Rẹ̀

                                        Yàrá Ìdúró Àwọn Mọ̀lẹ́bí,
                                        Wọ́ọ̀dù Àwọn Tí Àìsàn Wọn Le,
                                        Ilé Ìwòsàn Ńlá.
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ìyá Ìbejì,

Kí n tó kí ẹ rárá, jẹ́ kí n kọ́kọ́ san ohun tí mo jẹ ẹ́. Ìdáhùn ni mo jẹ ẹ́. Láti ìgbà tí lẹ́tà rẹ ti dé, tí o ní ọkọ rẹ fẹ́ ra ààrò búrẹ́dì wa àti ẹ̀rọ tó ń po fúláwà, mo dákẹ́, mo sì mọ̀ pé ìdákẹ́ mi á ti máa dùn ẹ́. Ìdáhùn náà rèé: mi ò tà á. Mi ò sọ pé mi ò ní tà á láéláé o. Mo ní mi ò tà á báyìí, mo sì ní nǹkan mìíràn tí mo fẹ́ fi lọ̀ yín. Ó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n má fò lọ síbẹ̀. Mo mọ̀ ẹ́, bí o ṣe máa ń ka ìwé láti ẹ̀yìn nìyẹn nígbà tí a jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ka ti àárín kọ́kọ́, ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà.

Ó yá, mo kí ẹ báyìí. Ṣé dáadáa ni o wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, èyí tó máa ń yọ ẹ́ lẹ́nu bí òjò bá fẹ́ rọ̀? Bàbá Ìbejì ńkọ́? Ṣé ọ̀gá rẹ̀ ní békìrì yẹn kò tíì jáwọ́ nínú ariwo? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí ẹnìkejì wọn sùn? Àwọn ọmọ tèmi wà, wọ́n ní kí n kí ẹ. Èmi náà wà. Mo ti rù díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn aṣọ tó ti há mọ́ mi ti wá ń wọ̀ mí, nítorí náà kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni àdánù.

O rántí pé àyà ló kọ́kọ́ dun ọkọ mi. Ó ní òtútù lásán ni, ó sì ń lọ sídìí ààrò rẹ̀ títí ó fi di pé kò lè mí dáadáa mọ́. Nígbà tí a gbé e dé ibí, wọ́n ní àìsàn ti kún inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn tó mú un sùn, wọ́n sì ti ọ̀pá rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun kí ẹ̀rọ lè máa bá a mí. Ìyẹn ni mo sọ fún ẹ nínú lẹ́tà tó kọjá. Ohun tí mi ò tíì sọ ni pé wọ́n ti yọ ọ̀pá náà. Ó ń dá mí fúnra rẹ̀, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló kù tí wọ́n ń fi kún un nímú. Nígbà tó lajú, ó mọ̀ mí, ó sì bi mí léèrè ta ló ń tan ààrò. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú àpò fúláwà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ.

A rò pé ó ti parí nìyẹn. Kò tíì parí. Ọkùnrin tó máa ń gbé àpò fúláwà lé èjìká bí ẹni gbé ìrọ̀rí kò lè gbé ṣíbí dé ẹnu. Apá rẹ̀ kàn wà lórí bẹ́ẹ̀dì bí nǹkan tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀. Mo bi dókítà bóyá ó ti rọ ni. Ó ní rárá, pé bí àìsàn bá le tó bẹ́ẹ̀, tí ènìyàn sì pẹ́ lórí ẹ̀rọ, àìsàn yẹn máa ń jẹ iṣan, ó sì máa ń jẹ àwọn okùn tín-ín-rín tó ń gbé iṣẹ́ rán iṣan. Ó ní agbára máa ń padà, ṣùgbọ́n kì í yá, ti àwọn mìíràn kì í sì padà tán. Mo ní kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Ó ní wọ́n sọ ọ́, pé lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́, ẹkún ni a ń sun. Òótọ́ ló sọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni lẹ́tà rẹ dé. O ò mọ̀, mi ò sì bínú. Mo kà á, mo ká a, mo fi í sínú àpò. Mo sọ fún ara mi pé mi ò ní fi àánú pinnu ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì ní fi ẹ̀rù pinnu rẹ̀. Bí ọwọ́ ọkọ mi bá máa padà sídìí fúláwà, mi ò ní tà. Bí kò bá ní padà, ààrò tó tutù kì í ṣe nǹkan ọ̀ṣọ́, n ó tà á fún yín kí ìpẹtà tó mú un. Ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ èyí tó máa padà?

Ibẹ̀ ni mo ti mọ Fisió. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè é. Obìnrin kúkúrú kan ni, tó ń rìn bí ẹni tó gbé omi kaná sílé. Iṣan àwọn aláìsàn ni iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní ó ń bọ̀ wá wọn agbára ọkọ mi, mo rò pé ìwọ̀n ni yóò gbé wá, bí èyí tí a fi ń wọn fúláwà. Ọwọ́ lásán ló gbé wá, àti irin kékeré kan nínú àpò.

Kò tètè fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Bàbá, ẹ la ojú. Ẹ pa á dé. Ẹ wò mí. Ẹ mi orí. Ẹ yọ ahọ́n sí mi." Ọkọ mi tí kì í yọ ahọ́n sí ọmọdé wò mí bí ẹni ń tọrọ ààyè, mo ní kó yọ ọ́. Fisió ní òun kì í wọn agbára ẹni tí oorun oògùn kò tíì dá lójú rẹ̀, pé bí òun bá ṣe bẹ́ẹ̀, oorun lòun wọ̀n, kì í ṣe iṣan. Ó wá bẹ̀rẹ̀. Èjìká, ìgúnpá, ọrùn ọwọ́. Ó bọ́ sísàlẹ̀, ìbàdí, orúnkún, ọrùn ẹsẹ̀. Ó ṣe ọ̀tún, ó ṣe òsì. Ibi kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀. Bí iṣan kò bá mì rárá, òdo. Bí ó bá kàn gbọ̀n fẹ́rẹ́ lábẹ́ awọ, ọ̀kan. Bí apá bá ń wọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì ṣùgbọ́n tí kò lè gbéra, méjì. Bí ó bá gbéra, mẹ́ta. Bí ó bá gbéra, tí Fisió wá fi ọwọ́ tirẹ̀ tì í, tó ṣì bá a jà díẹ̀, mẹ́rin. Bí ó bá tì í, tì í, tí kò yẹ̀, márùn-ún. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ ọgọ́ta. Ọgọ́ta ni tèmi àti tìrẹ, àfi bí wọ́n bá dé orúnkún rẹ. Ó ní ẹni tí kò bá tó méjìdínláàádọ́ta, àìlera iṣan yẹn ṣì ń bá a jà.

Lẹ́yìn náà ló yọ irin yẹn jáde. Ó ní ibi tí ènìyàn ń dì mú, ó sì ní ojú bí aago. Ó ní kí ọkọ mi fún un bí ẹni ń fún aṣọ tó tutù. Ọ̀pá inú aago náà rò ó fún ìgbà díẹ̀ kó tó gbéra.

Ọkọ mi gba mẹ́rìndínlógójì lọ́jọ́ yẹn. Èmi kọ́ ni inú bí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni. O rántí rẹ̀, èyí tí a ń pè ní Ìyá Ṣọ́jà nítorí ìrìn rẹ̀, kò bí ṣọ́jà kankan. (Ó yẹ kí n máa fi "wọ́n" pè é nínú lẹ́tà yìí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n "wọ́n" ti pọ̀ jù níbí, ti dókítà, ti nọ́ọ̀sì. Kí o má baà sọnù, "ó" ni n ó máa kọ. Tí mo bá wà níwájú rẹ̀, mo ń kúnlẹ̀.)

Ó ní, "Mẹ́rìndínlógójì nínú ọgọ́ta! Ìyàwó, irú ìdánwò wo nìyẹn?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe ìdánwò. Wọ́n kàn ń wò ó bóyá agbára ń padà."

"Wọ́n ń fún un ní máàkì, o ní kì í ṣe ìdánwò. Ilé wa kì í féèlì. Ta ló bá a ka ìwé kó tó wọlé?"

Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Mo rẹ́rìn-ín pàápàá.

Nígbà tí wọ́n tún wọ̀n ọ́n, ó gba mẹ́tàlélógójì. Ọ̀pá inú aago irin yẹn náà sún sókè. Dókítà ní bí ó bá ń lọ báyìí, wọ́n á gbé e kúrò níbí lọ sí wọ́ọ̀dù gbogbogbòò, níbi tí owó ọjọ́ kan kò ti ń jẹ odidi àpò fúláwà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà tí n ó fi kọ̀ fún ẹ, nínú orí mi, pẹ̀lú ẹnu dídùn.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ìwọ̀n kẹta bọ́ sí, mi ò sí níbẹ̀. Onílé békìrì ní kí n wá, ó fẹ́ mọ̀ bóyá a ṣì ń lo ṣọ́ọ̀bù. Mo lọ. Aláǹgbá ti sọ ẹnu ààrò di ilé. Mo lé e jáde, mo fi ọ̀rọ̀ rọ onílé, mo padà. Ìyá Ṣọ́jà ló bá mi jókòó tì í láàárọ̀ náà, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà láàyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà ni mo rí ojú Fisió. Ọkọ mi ti gba mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó kéré sí ti àkọ́kọ́. Apá ọ̀tún, tó ti ń gbéra, kàn ń wọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Irin yẹn, ó dì í mú, ọ̀pá inú rẹ̀ kò tilẹ̀ mira.

Fisió béèrè, "Ṣé ó sùn dáadáa? Ṣé ó ṣe nǹkankan tó rẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ yìí?"

Ìyá Ṣọ́jà ní, "Nǹkan wo? Ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ ni." Ọkọ mi pa ojú dé.

Dókítà wá. Ó ní agbára tó ń gòkè tó wá já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lè jẹ́ pé nǹkan mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ nínú ara. Ó ní wọ́n máa ní láti fi abẹ́rẹ́ wọ inú iṣan, kí wọ́n fi iná mànàmáná wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó ní bí iṣan apá bá ń kú lọ, iṣan tí a fi ń mí náà lè tẹ̀ lé e. Wọ́n wá ti ẹ̀rọ tó ń bá ènìyàn mí padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Wọn ò tàn án. Ó kàn dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó máa bọ̀ tí kò tíì jókòó.

Mo jáde sí yàrá ìdúró. Mi ò sunkún. Mo yọ bébà jáde nínú àpò, mo kọ ọ́ sí i pé, "Ìyá Ìbejì, ẹ máa bọ̀ wá kó ààrò àti ẹ̀rọ náà." Mi ò purọ́ fún ẹ, mo kọ ọ́. Ohun tó kù ni kí n rí ẹni tó máa mú un wá.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, nọ́ọ̀sì ní kí n wá bá òun nu ọwọ́ rẹ̀. Mo mú ọwọ́ ọ̀tún, mo fi aṣọ tútù nù ún. Mo rí nǹkan funfun lábẹ́ èékánná rẹ̀. Mo rò pé oògùn ni. Mo họ ọ́, ó fà bí gọ́ọ̀mù. Mo gbé e sí imú. Ọ̀rẹ́ mi, láti ìgbà tí mo ti délé ọkùnrin yìí ni mo ti ń fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí oògùn kankan láyé tó ń rùn bí yíìsì.

Mo fi ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀. "Bàbá wọn, kí lẹ pò?"

Ó la ojú kan. "Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Kí ni wọ́n ṣe?"

"Wọ́n ní kí n múra ìdánwò sílẹ̀."

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n figbe ta. Ìyá Ṣọ́jà ti po fúláwà nílé, ó dì í sínú ọ̀rá, ó fi ìró gbà á mọ́ ikùn, ó gba iwájú ẹ̀ṣọ́ kọjá bí aboyún. Ó fa aṣọ títa yí bẹ́ẹ̀dì ká kí nọ́ọ̀sì má baà rí i, ó gbé e sórí tábìlì ìjẹun tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́ títí Fisió fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé ló ń jẹ́ kó pò ó, ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì, òun náà sì dúró tì í, ó ń kà á fún un bí ẹni wà lórí pápá ìyíde. Mo bi ọkọ mi pé kí ló dé tí kò kọ̀. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti fọwọ́ kan fúláwà."

Mo jáde lọ bá Ìyá Ṣọ́jà. Kò sẹ́.

"Kí ló burú níbẹ̀? Ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò, ṣé kò ní í ka ìwé ni?"

Mo kúnlẹ̀ o, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ìwé tí ènìyàn kà kì í tán. Agbára ń tán. Ẹ ti jẹ́ kó ná gbogbo rẹ̀ lórí tábìlì kí obìnrin yẹn tó dé láti wá wọ̀n ọ́n. Òfìfo ló wọ̀n."

Ó wò mí. Ó wá jókòó, mo sì rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí i tó jókòó láìjẹ́ pé ó ń jẹun. Ó ní, "Mo kàn fẹ́ kó pàásì ni." Ó tún ní, "Ẹ̀yìn mi ni mo ti pọ̀n ọ́n dàgbà. Bí wọ́n bá tún tan ẹ̀rọ yẹn, ṣé èmi ni mo tì í sídìí rẹ̀?" Mo ní wọn kò tíì tàn án, kó dìde kí a lọ sọ fún wọn.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ó nà ró gangan, ó rò ó fún Fisió àti dókítà, kò fi ọ̀kan pamọ́. Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ ké. "Fúláwà? Nínú wọ́ọ̀dù yìí? Níbi tí a ti ń fọ ọwọ́ títí awọ fi ń bó?" Wọ́n fi oògùn nu bẹ́ẹ̀dì, wọ́n nu tábìlì, wọ́n gé èékánná rẹ̀ dé ìdí. Fisió kò pariwo. Ó ní, "Màmá, ìdí tí mo fi béèrè nìyẹn." Ó bi í bí ó ṣe pẹ́ tó tó fi ń pò ó. Nígbà tó gbọ́, ó wo dókítà, dókítà náà wò ó. Fisió ní ẹni tí iṣan rẹ̀ ń kú lọ kò lè po fúláwà fún ìdajì ìgbà yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó pa máàkì burúkú yẹn rẹ́. Ó kọ̀. Ó ní òun á kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ó ti rẹ ọkọ mi kí òun tó dé. Dókítà ní kí wọ́n dá abẹ́rẹ́ dúró ná, kó sinmi dáadáa, kí wọ́n tún un wọ̀n.

Ẹ̀rọ náà dúró síbẹ̀ di àárọ̀. Wọn ò tàn án. Nígbà tí mo wọlé, wọ́n ti tì í lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Nígbà tó sinmi tán, wọ́n wọ̀n ọ́n. Márùndínláàádọ́ta. Ìgúnpá ọ̀tún gba mẹ́rin, Fisió ní òun ní láti fi agbára díẹ̀ tì í. Ìyá Ṣọ́jà dúró sẹ́yìn gíláàsì, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ ẹ̀yìn kó má baà bá a gbé e.

O rí i pé kò tíì dé ibi tí wọ́n ń fẹ́. Mi ò ní fi ìdùnnú bò ẹ́ lójú. Mo bi Fisió ní tààrà pé ṣé ọkọ mi á tún gbé àpò fúláwà. Ó ní, "Màmá, ṣíbí, mo lè fọwọ́ sọ̀yà. Kó dá wẹ̀, mo lè fọwọ́ sọ̀yà. Àpò fúláwà, ẹ jẹ́ kí ọ̀pọ̀ oṣù kọjá ká tó sọ ọ́." Mo fẹ́ràn ìdáhùn yẹn. Ẹni tó bá ṣèlérí àpò fún mi, ń ṣe ni mo máa ṣọ́ àpò tèmi.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ fi lọ̀ yín rèé. Kí Bàbá Ìbejì fi ọ̀gá aláriwo yẹn sílẹ̀, kó wá máa ṣe búrẹ́dì lórí ààrò wa. Gbígbé àti pípò, tirẹ̀ ni. Títà àti owó gbígbà, tèmi ni. Bí ọkọ mi bá délé, yóò jókòó lórí àga, yóò máa fi ẹnu ṣe iṣẹ́, ìyẹn kò sì ní máàkì. Ìpín mẹ́ta ni èrè: ọ̀kan tiyín, ọ̀kan tiwa, ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀bù àti àtúnṣe. Tí ọdún bá yípo, tí ọwọ́ rẹ̀ kò padà, ẹ̀yin ni n ó kọ́kọ́ tà á fún, ní iye tí o kọ sínú lẹ́tà rẹ, n kò ní fi kọ́bọ̀ lé e. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá padà, kí wọ́n jọ máa ṣe é. Ẹni tí ó ti ṣàìsàn báyìí kò ní kọ ẹni tó máa bá a gbé ìdajì.

Ní Ọjọ́ Ẹtì, Fisió á tún wá. Ìdí nìyí tí mo fi ń kánjú kọ̀wé. Bí ọkọ mi bá gba máàkì tó pọ̀ lọ́jọ́ náà, mo mọ ara mi, n ó fẹ́ gé ìpín yín kù. Bí ó bá já wálẹ̀, mo mọ ìwọ náà, wàá fẹ́ gé iye tí o kọ kù. Ẹ jẹ́ kí a ṣe àdéhùn yìí nísinsìnyí tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ nǹkankan, kí ó lè jẹ́ pé àwa la fẹ́ bá ara wa ṣe é, kì í ṣe nọ́ńbà.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì. Kí àwọn ìbejì, kí orúnkún. Ìyá Ṣọ́jà ní kí n kí ẹ. Kò tíì gba àṣẹ láti wọlé padà, ẹnu ọ̀nà ló ń ṣọ́, ẹ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ ti ń bẹ̀rù rẹ̀. Ọkọ mi ní kí n sọ fún Bàbá Ìbejì pé apá òsì ààrò máa ń tètè jó, kó máa yí àwọn páànù padà kí búrẹ́dì tó pọ́n. Mo ní kó dákẹ́, pé ẹ ò tíì gbà. Ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́, mo sì ti kọ ọ́, ẹ gbà á ní ọ̀fẹ́.

Èmi náà ni, ẹnìkejì rẹ lórí bẹ́ǹṣì,
Ìyàwó Oníbúrẹ́dì.

Awakọ̀ tó ń kó fúláwà ló mú lẹ́tà yìí wá. Yóò tún gba ọ̀dọ̀ yín kọjá nígbà tó bá ń padà bọ̀. Má jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo: Ọjọ́bọ̀ ni mò ń retí èsì.